Ògiri kọ́ ni màlúù nílò: ìdáhùn fún ìyá kan ní Iléṣà tó fẹ́ kọ́lé fún màlúù oníwàrà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí, Iléṣà ni mò ń gbé. Mo ní abo màlúù mẹ́fà lórí ilẹ̀ mi lọ́nà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Mẹ́rin jẹ́ funfun oníwo gígùn táwọn Fúlàní ń sìn, méjì jẹ́ àdàlù pẹ̀lú ti òyìnbó. Wàrà wọn ni mò ń tà fún àwọn ìyá tó ń fi ewé bọ̀mùbọmù dì í. Abẹ́ páànù kan ni wọ́n ń sùn, ẹrẹ̀ sì ti mù wọ́n dé ikùn lásìkò òjò yìí, ọmú ọ̀kan ti wú. Bíríkìlà mi ní òun á kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù yíká fún wọn, pẹ̀lú fèrèsé kéékèèké mẹ́rin, kí òun sì tẹ́ táìlì síbi tí wọ́n á máa sùn kó lè rọrùn láti fọ̀. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, Mà, ẹ sì kú ìnáwó. Kí n tó dé orí ilé, ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ èyí tí ọmú rẹ̀ wú kúrò nílẹ̀. Ẹ pe dókítà ẹran lónìí, ẹ má dúró de ìgbà tí ilé bá parí. Títí tó fi máa dé, ẹ ya màlúù náà sọ́tọ̀ síbi gbígbẹ. Òun ni kí wọ́n máa fún wàrà rẹ̀ kẹ́yìn, kí ẹni tó fún un fọ ọwọ́ dáadáa, kí wàrà rẹ̀ má sì kan ti àwọn tó kù. Bí wọ́n bá gún un lábẹ́rẹ́, ẹ bèèrè iye ọjọ́ tí wàrà rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé ọjà, kí ẹ sì máa dà á nù ní gbogbo ọjọ́ náà, bó ti wù kó dùn yín tó.

Ó wá di orí ilé. Èyí tí bíríkìlà yín fẹ́ kọ́ yẹn, ilé tó dára ni, àmọ́ ènìyàn ló yẹ kó gbé ibẹ̀. Ẹ ní kó sinmi ná. Ohun tí màlúù oníwàrà ń wá kò ju ibi gbígbẹ tó rọ̀ tí yóò dùbúlẹ̀ sí lọ, pẹ̀lú atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí i lára. Ògiri kò sí níbẹ̀. Tí ẹ bá kó mẹ́fà sínú búlọ́ọ̀kù olójú fèrèsé mẹ́rin ní Iléṣà wa yìí, tí ooru ti ń bá ọ̀rinrin pàdé, èémí wọn àti ìtọ̀ wọn nìkan tó láti sọ ibẹ̀ di ilé àìsàn kí ọdún tó yí.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé oúnjẹ ni gbogbo ọ̀rọ̀ màlúù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, màlúù tí ibùsùn rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn máa ń dùbúlẹ̀ tó wákàtí 12 sí 14 nínú wákàtí 24. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ibẹ̀ ló ti ń jẹ àpọ̀jẹ, ibẹ̀ ni pátákò rẹ̀ ti ń sinmi, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọmú sì máa ń pọ̀ ju ti ìgbà tó wà lórí ìdúró lọ, bẹ́ẹ̀ inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni ọmú ti ń rí ohun tó fi ń ṣe wàrà. Èyí tó bá wá dúró gbagidi láti alẹ́ mọ́jú torí pé ẹrẹ̀ ni gbogbo ilẹ̀, owó ló ń bọ́ lọ́wọ́ yín níbẹ̀ yẹn.

Ẹ jókòó síbi kan ní ìrọ̀lẹ́ òní kí ẹ wo bí ọ̀kan nínú wọn ṣe ń dìde. Ẹṣin a máa kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ iwájú. Màlúù kò ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò kọ́kọ́ gbé ara lé orúnkún iwájú rẹ̀ méjèèjì, yóò wá ju orí síwájú tó fíìtì méjì sí mẹ́ta, imú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbálẹ̀. Ìjù yẹn ló fi ń gbé ìdí sókè. Ẹ̀yìn rẹ̀ á ti dúró tán kó tó wá yọ ẹsẹ̀ iwájú kan, kó tó yọ ìkejì. Tí ògiri bá wà níwájú rẹ̀ gbágbáágbá, kò ní rí ibi ju orí sí. Á máa yí ara, á máa fi orúnkún ha ilẹ̀ títí tí irun ibẹ̀ á fi bó. Nígbà míì ẹ ó bá a tó jókòó bí ajá, iwájú ti dìde, ìdí kọ̀ kò tẹ̀ lé e. Bó bá ṣe díẹ̀, á pinnu pé òun ò dùbúlẹ̀ níbẹ̀ mọ́, á wá lọ sùn sójú ibi tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí, níbi tí àyè wà. Olówó rẹ̀ á máa sọ pé màlúù òun dọ̀tí. Màlúù kọ́ ló dọ̀tí, ibùsùn ni kò gbà á.

Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí i pé àwọn tó ń pín ibùsùn fún màlúù lọ́kọ̀ọ̀kan máa ń fún àwọn ńlá ti òyìnbó ní fíìtì 4 ní ìbú àti fíìtì 9 sí 10 ní gígùn tí ògiri bá wà níwájú wọn. Àwọn funfun tiwa kéré sí ìyẹn. Ibùsùn tó kéré díẹ̀ sí tiwọn á gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ pín in rárá. Irin àti iṣẹ́ wẹ́dà tó wà nídìí rẹ̀ pọ̀ jù fún màlúù mẹ́fà, ìwo àwọn mẹ́rin yẹn ò sì ní jẹ́ kó rọrùn. Ẹ fún wọn ní ibùsùn gbangba kan ṣoṣo, kí wọ́n máa yan ibi tó bá wù wọ́n. Fíìtì 36 ní gígùn, 16 ní ìbú, ó ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi mítà 9 níbùú-lóòró. Ó fẹ̀, mo mọ̀. Nínú gbogbo agbo ni ọ̀gá máa ń wà, ọ̀gá tó sì ní ìwo kì í bá ọmọọṣẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí wọ́n ń lé gbọ́dọ̀ rí ibi sá gbà, nítorí náà ẹ ṣí ọ̀nà méjì sí ibùsùn náà, kó má jẹ́ ẹyọ kan.

Táìlì ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ́ táìlì fún màlúù láti rìn. Ìgbẹ́ tútù lórí táìlì, màlúù kílò 300 lórí pátákò, èyí tó bá là ẹsẹ̀ méjèèjì ẹ̀yìn sọ́tùn-ún sósì níbẹ̀, ó lè má dìde mọ́ títí tí wọn yóò fi pa á. Sìmẹ́ńtì dídán náà kò yàtọ̀. Fún ibùsùn, ilẹ̀ yangí tí wọ́n rọ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa ló dára jù, kó ga ju ilẹ̀ àyíká lọ ní fíìtì kan kí omi òjò má baà rá wọlé. Lórí yangí yìí ni kí ẹ wá da yanrìn odò sí, ínǹṣì 6 ó kéré tán. Kòkòrò àrùn tó ń mú ọmú wú kì í rí oúnjẹ jẹ nínú yanrìn, ìtọ̀ ń jò kọjá nínú rẹ̀, ó sì ń tutù sí màlúù lára nígbà ooru. Ẹ sẹ́ òkúta kúrò nínú rẹ̀. Kí ẹ má sì kó yanrìn tí àwọn awakùsà ti fọ góòlù nínú rẹ̀ lápá Àtàkúnmọ́sà wá, bó ti wù kó sún mọ́ yín tó. Mákúrì táwọn kan fi ń kó góòlù jọ kò yẹ ní ibi tí ẹran tí à ń mu wàrà rẹ̀ ń fi imú gbá.

Ẹnìkan á sọ fún yín pé lẹ́búlẹ́bú pákó pọ̀ nílé ìlagi ní Iléṣà àti Ifẹ̀, ọ̀fẹ́ ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ láti ẹnu ayùn ṣì tutù, kòkòrò àrùn sì máa ń yára pọ̀ nínú rẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n ń pè ní Klebsiella, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tètè tán tó bá wọ ọmú. Tí yanrìn bá wọ́n yín jù, ẹ sá lẹ́búlẹ́bú náà sóòrùn kó gbẹ fọ́n-ọ́n-fọ́n, kí ẹ fọ́n ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lemọ́lemọ́. Èyí tó wá láti ara pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán pa lára, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ibùsùn dára: ẹ kúnlẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí orúnkún balẹ̀ gbì. Bó bá dùn yín, á dun màlúù náà. Kí ẹ wá wà lórí ìkúnlẹ̀ yẹn tó ìṣẹ́jú àáyá 25. Tí aṣọ bá tutù lórúnkún nígbà tí ẹ bá dìde, ibùsùn ti tutù jù, ẹ kó èyí tó wà lókè dànù kí ẹ da òmíràn sí i. Níbi tí ẹ kúnlẹ̀ sí yẹn náà, ẹ mí símú. Ìsàlẹ̀ ni òórùn ìtọ̀ máa ń wà, ẹni tó bá dúró lè má gbọ́ ọ. Tó bá ta yín lójú, ó ti ń ta wọ́n lójú láti àná. Tí orúnkún ò bá gbà mọ́, Mà, ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́ lè bá yín kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé òótọ́ ló ń sọ.

Ibi tí kankéré wúlò ni ojú ibi tí wọ́n á dúró sí jẹun, ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Gígùn kan náà, fíìtì 36, kí ìbú rẹ̀ jẹ́ 12, kí ẹni tó ń kọjá má baà gbá ẹni tó ń jẹun nídìí. Láti ẹsẹ̀ ibùjẹ ni kó ti máa dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ínǹṣì kan nínú fíìtì mẹ́rin-mẹ́rin, títí dé gọ́tà pẹlẹbẹ kan lẹ́bàá ibùsùn. Ìlà búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo ni kó ya ibùsùn sọ́tọ̀ kúrò lára gọ́tà, kó yọ sókè ní ínǹṣì 8, kí ìgbẹ́ má lè gun orí yanrìn. Kí kankéré náà tó gan, kí bíríkìlà fa ìlà sí i lára, ìlà tó fẹ̀ tó sì jìn ní mìlímítà 10, ínǹṣì 2 sí 3 láàárín ìlà sí ìlà, kí gbogbo wọn dojú kọ gọ́tà. Kó má fi etí ìlà sílẹ̀ ní mímú, torí á gé pátákò. Lẹ́yìn tó bá ní òun ti parí, ẹ kó garawa omi kan dà sójú rẹ̀ níwájú rẹ̀. Ibi tí omi bá dúró sí, ibẹ̀ ni ìtọ̀ máa dúró sí títí ayé, ẹ jẹ́ kó tún un ṣe kó tó gba owó tó kù. Ìjẹ̀ṣà ni yín, n kò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń di owó mú.

Bíríkìlà tó fẹ́ràn táìlì yìí, ibi kan wà tí yóò ti lò ó: inú ibùjẹ. Ibẹ̀ ni dídán ti wúlò, torí pé ahọ́n màlúù ń ha ilẹ̀, omi kíkan tó wà nínú oúnjẹ tí a bá rẹ tàbí tí a bò sínú kòtò a sì máa jẹ sìmẹ́ńtì lásán. Kí ilẹ̀ ibùjẹ ga ju ibi tí ẹsẹ̀ wọn wà lọ ní ínǹṣì 4 sí 6, kí ògiri kékeré tó wà láàárín má ju ínǹṣì 20. Fíìtì 2 sí 2 àbọ̀ ni màlúù kọ̀ọ̀kan nílò níbi oúnjẹ. Ẹ̀yin ní fíìtì 6 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí ìdí tí ìwo yóò fi ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Omi kò gbọ́dọ̀ tán. Nínú wàrà, ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ omi, màlúù tó ń fúnni ní wàrà nígbà ooru sì lè mu lítà 60 sí 100 lóòjọ́. Dúrọ́ọ̀mù 200 lítà méjì sí mẹ́ta ni kí ẹ fi sọ́kàn fún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ gbé àgbá omi sí ìpẹ̀kun ibi ìjẹun, jìnnà sí yanrìn.

Òrùlé ni kí ẹ ná owó ògiri yẹn lé. Kí etí rẹ̀ ga tó fíìtì 10, kí góńgó rẹ̀ tó 15, kí ẹ sì fi àlàfo ìwọ̀n ínǹṣì 6 sí fíìtì kan sílẹ̀ lókè góńgó tí ooru yóò máa bá jáde, pẹ̀lú páànù kékeré tí yóò bo àlàfo náà kí òjò má gbà á wọlé. Kí páànù yọ síta ní fíìtì 3. Páànù tó bá ti dípẹtà máa ń kó ooru jọ. Ẹ kùn ún ní funfun lókè, tàbí kí ẹ ta ọparun àti màrìwò sábẹ́ rẹ̀. Gígùn ilé yóò lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà rí ju igun kúkúrú méjì yẹn mú. Àwọn kan máa ń fẹ́ ẹ láti àríwá sí gúúsù kí oòrùn lè wọlé gbẹ ilẹ̀, wọn ò jẹ̀bi níbi tí ilẹ̀ bá jẹ́ amọ̀ lásán. Níbi tiyín, ẹ fi ọgbà gbangba tí kò lórùlé sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, oòrùn yóò rí ibẹ̀ gbẹ.

Igun ìlà-oòrùn yẹn nìkan ni mo fẹ́ kí ẹ mọ ògiri sí, fíìtì 4, kí ẹ wá ta tapolíìn lókè rẹ̀ tó ṣeé ká. Ẹ̀yin náà mọ bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe máa ń wá: ojú ọ̀run á ṣú níhà ìlà-oòrùn, ìjì á gbé e, á máa fẹ́ lọ síhà ìwọ̀-oòrùn. Òun ló ń da omi sí ibùsùn, kì í ṣe òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tí atẹ́gùn gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ń gbé wá láàárín ọdún. Ẹ̀gbẹ́ tó kù, igi lásán tó. Igi ńlá tó bá ti wà lórí ilẹ̀ náà, ẹ má gé e. Igbó etí odò tó ṣókùnkùn ni kí ẹ ṣán kúrò nítòsí, torí eṣinṣin tsé-tsé tó ń gbé àìsàn oorun ẹran kiri. Màlúù funfun kò le sí àìsàn yẹn bíi Múturù tàbí Kétekú, àwọn màlúù kéékèèké ilẹ̀ wa.

Àwọn àdàlù òyìnbó méjì yẹn ni ooru máa kọ́kọ́ mú. Ẹ wo ìhà wọn lọ́sàn-án, kí ẹ ka iye ìgbà tó ń gbéra tó ń sọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Tó bá ti kọjá 60, ooru ti ń jẹ wọ́n, wàrà yóò sì wálẹ̀. Ẹ da omi sí wọn lẹ́yìn kó rin awọ dáadáa, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Omi tó ń tú bí ìkùukùu, tí wọ́n ń polówó rẹ̀ fún ilẹ̀ gbígbẹ, kò wúlò fún wa. Ọ̀rinrin tiwa ti tó. Kí púpọ̀ nínú oúnjẹ wọn jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́.

Ìgbẹ́ wá kù. Màlúù kan ń yà tó kílò 20 sí 25 lóòjọ́, ẹ fi mẹ́fà sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí i pé bárò kan àti ṣọ́bìrì méjì kì í ṣe ohun àfẹ́. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n máa kó o. Màlúù tí kò nírù, Ọlọ́run ní í bá a lé eṣinṣin; àwọn tiyín nírù, àmọ́ ẹ má fi gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìrù. Nínú ooru tiwa, ẹyin eṣinṣin ilé lè di eṣinṣin láàárín ọjọ́ 7 sí 10, nítorí náà ìgbẹ́ tó bá lo ọ̀sẹ̀ kan lábẹ́ òrùlé ti di ilé ìbímọ. Ẹ jẹ́ kí òkìtì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ òkè, fíìtì 100 ó kéré tán sí kànga, kí ẹ sì fi nǹkan bò ó. Àwọn alágbàdo àti olóko kòkó yóò wá rà á lọ́wọ́ yín nígbà tó bá jẹrà tán.

Ibi ìfúnwàrà ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ orí ibùsùn. Ojú kankéré kékeré kan lábẹ́ òrùlé kan náà ti tó. Ẹ fún ìkán àkọ́kọ́ sórí ohun dúdú láti wò ó bóyá ó dì, kí aṣọ tí ẹ fi ń nu ọmú jẹ́ ọ̀tọ̀ fún màlúù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ri orí ọmú bọ áyódìn lẹ́yìn tí ẹ bá fún un tán. Ẹnu ihò ọmú kì í tètè pa dé. Ó lè ṣí sílẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nítorí náà ìgbà yẹn gan-an ni kí oúnjẹ tuntun wà ní ibùjẹ, kí wọ́n lè wà lórí ìdúró. Ohun tí kò náni ní kọ́bọ̀ nìyí, òun sì ni ọ̀pọ̀ kì í ṣe.

Láti ìgbà tí àwọn gómìnà gúúsù ti pàdé ní Asaba ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, tí wọ́n ní kí dída ẹran káàkiri dópin, àwọn tó ń béèrè irú ìbéèrè yín ti pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń ta àwòrán ilé tí wọ́n wò láti ilẹ̀ òtútù. Kí ẹ tó fọwọ́ sí èyíkéyìí, ẹ ya Ifẹ̀, kí ẹ bá àwọn tó ń kọ́ni nípa ẹran ọ̀sìn ní OAU sọ̀rọ̀. Ẹ mú ìwọ̀n ilẹ̀ yín àti ibi tí omi ń ṣàn sí dání.

Ohun kan tó kù, torí mo mọ̀ pé ara á ti máa yá yín. Kankéré tuntun a máa ta pátákò, ó sì máa ń ha á bí ilẹ̀ rẹ̀ bá ṣì ní ẹ̀gún. Ẹ jẹ́ kó wà lábẹ́ omi fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, kí wọ́n máa wọ́n ọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn kí ọmọkùnrin méjì fi okùn fa búlọ́ọ̀kù wúwo kan lọ bọ̀ lórí rẹ̀ títí ẹ̀gún rẹ̀ á fi tán, kí wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí ọjọ́ tí wọ́n dà á ni kí màlúù wọlé, èyí tí ọmú rẹ̀ wú kẹ́yìn, tí dókítà bá ti ní ó ti yá.